Bí obìnrin bá gorí àga nínú eré tẹlifíṣọ̀n, kí ló dé tí ilé rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ dàrú?

Òǹwòran-Alẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò yìí:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Alẹ́ àná ni mo tún parí sáà méjì àkọ́kọ́ nínú Borgen, eré àtìgbàdégbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n DR ti orílẹ̀-èdè Denmark bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, ọkàn mi kò sì tíì balẹ̀ láti ìgbà náà. Fún ẹni tí kò bá tíì wò ó, Birgitte Nyborg ni obìnrin tí eré náà dá lé lórí, ó sì di olórí ìjọba. Òun àti Phillip ọkọ rẹ̀ ti jọ ṣe àdéhùn pé fún ọdún díẹ̀, iṣẹ́ ìyàwó ni yóò ṣáájú, kí ọkọ dúró ti ilé àti ọmọ, lẹ́yìn náà ni yóò wá kan ọkọ. Kí sáà kìíní tó parí, Phillip ti béèrè fún ìkọ̀sílẹ̀. Nínú sáà kejì, ìpayà ọkàn mú Laura ọmọbìnrin wọn débi pé wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú, àwọn oníròyìn ká a mọ́ ibẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ní láti gba àyè kúrò lórí àga ìjọba kí ó lè dúró ti ọmọ.

N kò sọ pé òǹkọ̀wé eré náà purọ́. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé mo ti rí ìtàn yìí rí. Nínú Prime Suspect, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1991, Jane Tennison, ọ̀gá ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Helen Mirren ṣe, pàdánù ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé ní sáà àkọ́kọ́, nígbà tí eré náà sì parí ní ọdún 2006, òun nìkan ló rìn jáde ní ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Bí ogún ọdún ló wà láàárín ìgbà tí eré méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Orílẹ̀-èdè yàtọ̀, iṣẹ́ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni ọ̀nà já sí.

Ìbéèrè mi nìyí. Ṣé ayé bó ṣe rí ni àwọn eré yìí ń fi hàn wá, àbí ìkìlọ̀ ni wọ́n ń ṣe fún wa? Ọkùnrin inú eré náà a máa pàdánù ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí i, àánú rẹ̀ ni eré á fẹ́ kí ó ṣe wá, nítorí ẹrù ńlá tó gbé lé èjìká. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí obìnrin, bí ìgbà tí adájọ́ ń ka ìdájọ́ ló máa ń rí.

Ìyá-Ọmọ-Mẹ́ta:

Òǹwòran-Alẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Èmi rò pé òótọ́ ayé ni eré náà sọ, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, iṣẹ́ alákòókò kíkún ni mo sì ń ṣe. Nígbà tí mo wo ibi tí Birgitte wọlé lálẹ́ tí àwọn ọmọ ti sùn, ẹkún ló gbọ̀n mí, kì í ṣe nítorí pé wọ́n bá mi wí, bí kò ṣe nítorí pé ẹnì kan rí mi. Bí eré kan bá fi obìnrin tó ń ṣe olórí ìjọba hàn mí, tí ilé rẹ̀ tún mọ́ tónítóní, tí ọkọ ń rẹ́rìn-ín, tí ọmọ kò sì ṣàárò rẹ̀ rí, irọ́ ni n ó pè é, irọ́ yẹn a sì dùn mí ju òótọ́ lọ, nítorí n ó rò pé èmi nìkan ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí inú ti bí mi. Àwọn méjèèjì ló jọ ṣe àdéhùn. Nígbà tí Phillip rí iṣẹ́ ńlá, tí iṣẹ́ náà sì ta ko ipò ìyàwó rẹ̀, Birgitte ló ní kí ó fi í sílẹ̀, láti ọjọ́ náà ni ilé ti ń tú. Tọkàntọkàn ni mo fi gbà pé Birgitte ṣe ohun tó dun ọkọ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ ka iye ìyàwó tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé ọkọ láti ìlú kan dé òmíràn nínú eré tẹlifíṣọ̀n, tí ẹnikẹ́ni kò pè é ní ohun tó lè tú ilé ká. Ìgbà tó kan ọkùnrin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìṣòro.

Olùkọ́-Tó-Fẹ̀yìntì:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. N ó fẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ ibi tí odò ti ṣàn wá kò lè mọ ìdí tí omi rẹ̀ fi ní àwọ̀.

Orí rédíò ni irú eré àtìgbàdégbà yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1930, Irna Phillips bẹ̀rẹ̀ Painted Dreams ní ìlú Chicago, ó sì wá dá Guiding Light sílẹ̀ ní ọdún 1937, eré tó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1952 tí kò sì parí títí di ọdún 2009. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ, bí i Procter & Gamble, ló ń san owó irú eré bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè wọ́n ní eré ọṣẹ títí di òní. Obìnrin tó wà nílé lọ́sàn-án ni wọ́n fẹ́ ta ọṣẹ náà fún. Nítorí náà, inú ilé ni ìtàn gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀, wàhálà ilé náà kò sì gbọdọ̀ tán, torí pé ọjọ́ tí wàhálà bá tán ni òǹwòran yóò dìde, ìpolówó ọjà yóò sì pàdánù ojú tó ń wò ó. Ilé tó tòrò kò ní abala tó kàn. Mo gbà pé ìdajì ohun tí Òǹwòran-Alẹ́ ń rí, inú bátánì eré náà ló wà, ó sì ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìtàn obìnrin tó di olórí ìjọba.

Ohun kan wà tí mo máa ń rántí nípa Irna Phillips. Kò lọ́kọ rí ní gbogbo ayé rẹ̀, ọmọ méjì ló gbà tọ́. Obìnrin tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ara rẹ̀, tó ń tọ́ ọmọ láìsí ọkọ, òun ló ń kọ ìgbéyàwó fún àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè odidi láti gbọ́. Ìyẹn kò jẹ́ kí n lè gbà pé àwọn tó ń kọ eré yìí kò mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà.

Ẹ má sì rò pé kò ṣeé ṣe láti kọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Cagney & Lacey, tí Barbara Avedon àti Barbara Corday dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ bí eré àtìgbàdégbà ní ọdún 1982 lórí CBS, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà. Ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni àwọn obìnrin méjèèjì. Mary Beth Lacey ní ọkọ tó ń jẹ́ Harvey, ó ní ọmọ, Harvey a máa gbọ́únjẹ, a sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ lálẹ́, ilé náà kò tú. Christine Cagney kò lọ́kọ, ọtí ló fẹ́ pa á láyé. Ní ọdún àkọ́kọ́ náà, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n pàrọ̀ ẹni tó ń ṣe Cagney, ẹnì kan nínú àwọn aláṣẹ wọn sì sọ fún oníròyìn pé àwọn obìnrin náà le jù, wọ́n sì dà bí ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin jù. Wọ́n fagi lé eré náà ní ọdún 1983, àwọn òǹwòran kọ lẹ́tà jọ gègèrè, eré náà sì padà ní ọdún 1984. Láàárín ọdún 1983 sí 1988, nínú ọdún mẹ́fà tí ó tẹ̀ léra, yálà Tyne Daly tàbí Sharon Gless ló gba àmì ẹ̀yẹ Emmy fún òṣèrébìnrin tó ta yọ jù lọ nínú eré. Ilé Lacey fìdí múlẹ̀, àwọn ènìyàn sì wò ó.

Ojú-Lọ̀rọ̀-Wà:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun èmi. Nínú ọ̀pọ̀ eré tí wọ́n ń pè ní eré òmìnira obìnrin lóde òní, ìdílé ni ẹ̀wọ̀n, ìlẹ̀kùn àbájáde ni òmìnira. Obìnrin náà kò ní ìyá tó ń gbà á nímọ̀ràn, kò ní àbúrò, kò ní ẹ̀gbọ́n, bí ó bá sì ní wọn, ọ̀tá rẹ̀ ni wọ́n. N kò kórìíra obìnrin tó ń ṣiṣẹ́. Ìyá mi ṣiṣẹ́ títí di arúgbó, ilé rẹ̀ sì kún. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹnì kan fi eré kan hàn mí níbi tí obìnrin ti ń gòkè, tí àwọn ará ilé rẹ̀ sì wà lára ohun tó gbé e gòkè.

Akọ̀tàn:

Ẹ̀gbọ́n Ojú-Lọ̀rọ̀-Wà, ìbéèrè yín tọ́, n ó sì padà sí i. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí Òǹwòran-Alẹ́ pè ní adájọ́, nítorí mo rò pé a ti ń wo ojú òǹkọ̀wé nìkan, àwa tí a ń wòran sì jókòó sórí àga ìdájọ́ bákan náà.

Ẹ rántí Breaking Bad, eré Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé jáde láti ọdún 2008 sí 2013. Walter White ń se oògùn olóró, ó ń pa ènìyàn, ó sì ń sọ pé nítorí ìdílé òun ni. Skyler ìyàwó rẹ̀ ni ẹni tó ń sọ pé kí ó dẹ́kun, tó ń dáàbò bo àwọn ọmọ. Ta ni àwọn òǹwòran kórìíra? Skyler ni. Wọ́n ṣí ojú ìwé lórí Facebook láti máa bú u. Ìkórìíra náà pọ̀ débi pé Anna Gunn, òṣèrébìnrin tó ṣe ipa náà, kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn New York Times ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, ó ṣàlàyé pé ìkórìíra yẹn ti kọjá ẹ̀dá-ìtàn, ó ti kan òun fúnra òun, ó sì gbà pé irú ìyàwó tí àwọn ènìyàn rò pé ó yẹ kí obìnrin jẹ́ ló fà á. Ọkùnrin tó ba ilé jẹ́, a dárí jì í nítorí pé ó ní nítorí ilé ni òun ṣe é. Obìnrin tó fẹ́ gba ilé là, a ní ó ń dí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Nísinsìnyí, lórí bóyá ìkìlọ̀ ni eré ń ṣe: ẹ̀kọ́ tí òǹkọ̀wé fẹ́ kọ́ni àti èyí tí òǹwòran mú lọ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọ̀kan náà. Brazil ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1977 ni òfin fàyè gba ìkọ̀sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 1979, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Rede Globo gbé eré Malu Mulher jáde, Regina Duarte sì ṣe obìnrin tó kọ ọkọ, tó ń dá gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ ní São Paulo, tó ń wá iṣẹ́, tó ń wá irú ẹni tí òun jẹ́ lẹ́yìn tí kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni mọ́. Òfin ti ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n eré ló fi obìnrin tó gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá hàn, pẹ̀lú ojú, pẹ̀lú ohùn, pẹ̀lú gbèsè tó ń san.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Eliana La Ferrara, Alberto Chong àti Suzanne Duryea, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2012 lórí àwọn eré alaalẹ́ ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n wo eré 115 tó jáde láti ọdún 1965 sí 1999. Nínú àwọn obìnrin tó jẹ́ òpómúléró ìtàn, tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó 50, ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò bímọ rárá, ìdá 21 sì bí ọmọ kan ṣoṣo. Níbi tí àwòrán Globo bá dé, àwọn obìnrin ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ níwọ̀nba, ó sì hàn jù lọ lára àwọn tálákà. Àwọn òbí tilẹ̀ ń sọ ọmọ wọn ní orúkọ ẹ̀dá-ìtàn inú eré ọdún náà. Kò sí ẹni tó wàásù ìfètò-sọ́mọ-bíbí nínú àwọn eré wọ̀nyẹn. Ìdílé kékeré tó rẹwà ni wọ́n ń wò lálaalẹ́, wọ́n sì rí i pé irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ wà.

Bákan náà ni ti Íńdíà, ó sì yà mí lẹ́nu jù. Kyunki Saas Bhi Kabhi Bahu Thi, tí Ekta Kapoor gbé jáde lórí Star Plus láti ọdún 2000 sí 2008, lé ní 1,800 abala. Ìtumọ̀ àkọlé rẹ̀ ni pé ìyá ọkọ náà ti jẹ́ ìyàwó rí. Tulsi, tí Smriti Irani ṣe, jẹ́ ìyàwó ilé tó ń fara da ohun gbogbo nítorí ìdílé, ọ̀pọ̀ ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin kò sì fẹ́ràn eré náà rárá, wọ́n ní ó ń dá obìnrin padà sẹ́yìn. Síbẹ̀, Robert Jensen àti Emily Oster tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2009 lórí àwọn abúlé Íńdíà tí tẹlifíṣọ̀n oníwáyà (cable) ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n rí i pé àwọn obìnrin tó ní ọkọ lẹ́tọ̀ọ́ láti na ìyàwó dín kù, àwọn tó ní ọmọkùnrin nìkan ni àwọn fẹ́ dín kù, àwọn obìnrin sì ń lọ́wọ́ nínú ìpinnu ilé jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í ṣe eré kan ló fa èyí, gbogbo ohun tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n náà ni. Ṣùgbọ́n irú eré tí à ń bẹnu àtẹ́ lù wà lára rẹ̀. Ó jọ pé obìnrin abúlé yẹn kò wo ìfaradà Tulsi tó bí ó ṣe ń wo bí Tulsi ṣe ń sọ̀rọ̀ láàárín àwùjọ tí àwọn ọkùnrin sì ń dákẹ́ gbọ́ ọ.

Ìyá-Ọmọ-Mẹ́ta:

Akọ̀tàn, mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Tulsi yẹn náà ló yìnbọn pa ọmọ bíbí inú rẹ̀, Ansh, nítorí ìwà ipá tó ń hù sí obìnrin. Ìyá tí wọ́n ní ó ń fara da ohun gbogbo! N kò gbàgbé ọjọ́ tí mo wò ó.

Ọmọ-Ìkẹyìn:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo kéré jù níbí. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé obìnrin tó bá ti gòkè ní ọkọ àti ọmọ tí yóò pàdánù. Obìnrin tí kò fẹ́ ọmọ ńkọ́?

Nínú Grey's Anatomy, eré Amẹ́ríkà nípa àwọn dókítà, Cristina Yang jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọkàn, ó sì sọ ọ́ yanjú pé òun kò fẹ́ bímọ. Nígbà tó lóyún, nínú abala tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2011, ó ṣẹ́ oyún náà, Owen ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dárí jì í lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì sí mi ni pé eré náà kò fi ìyà jẹ ẹ́. Kò kú, kò yarọ, kò jí lọ́jọ́ kan láti wá sunkún pé òun ìbá ti bímọ. Ní ọdún 2014 ó kúrò nínú eré náà lọ sí Zurich láti lọ darí ilé ìwòsàn. Ẹni tó sì jẹ́ ìdílé fún un ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Meredith Grey ni, ọ̀rẹ́ tó ní ọkọ, tó ní ọmọ, tó sì yan ọ̀nà mìíràn. Wọ́n jà lórí ọ̀rọ̀ náà gan-an, nítorí Cristina sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ti rẹlẹ̀ láti ìgbà tó ti di ìyá. Ó dun Meredith, ó sì dun èmi náà. Síbẹ̀, wọn kò fi ara wọn sílẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo wo ìyẹn. N kò tíì mọ̀ bóyá n ó bímọ tàbí n kò ní bí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ìbéèrè ni.

Ojú-Lọ̀rọ̀-Wà:

Àbúrò mi, n kò ní bá ọ jà lórí ohun tí o fẹ́ fi ayé rẹ ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ kì í ṣe ìdílé. Ọ̀rẹ́ lè lọ sí Zurich.

Ọmọ-Ìkẹyìn:

Ọkọ náà lè lọ, ẹ̀gbọ́n. Phillip lọ.

Alábòójútó:

Ẹ jọ̀wọ́, kí a máa fi ọ̀wọ̀ bá ara wa sọ̀rọ̀ lọ bí a ti ń ṣe é bọ̀. Ìjíròrò yìí dára púpọ̀.

Àbúrò-Agbẹjọ́rò:

Mo fẹ́ dá ẹ̀gbọ́n Ojú-Lọ̀rọ̀-Wà lóhùn pẹ̀lú eré Turkey kan, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìdílé ti jẹ́ ọ̀tá, tí ó sì tún jẹ́ olùgbàlà. Fatmagül'ün Suçu Ne? ni àkọlé rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé kí ni ẹ̀ṣẹ̀ Fatmagül. Ọdún 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Beren Saat ló sì ṣe Fatmagül. Àwọn ọkùnrin fipá bá ọmọbìnrin yìí lò pọ̀, wọ́n sì fẹ́ ẹ fún Kerim, ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn án, kí ọ̀rọ̀ náà lè rọlẹ̀. Ìtàn náà ti wà tipẹ́, wọ́n ti fi ṣe fíìmù ní ọdún 1986, nígbà tí òfin Turkey ṣì lè dá ọkùnrin tó fipá báni lò pọ̀ sílẹ̀ bí ó bá ti fẹ́ obìnrin náà. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005 ti pa àyè yẹn rẹ́. Nítorí náà, nígbà tí eré náà jáde, òfin ti kúrò lẹ́yìn irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ìdílé nìkan ló kù tó ń ṣe é, ibi tí eré náà sì lóró jù lọ nìyẹn.

Ta ló tì í lọ? Mukaddes, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, obìnrin bí i tirẹ̀. Ta ló dúró tì í? Meryem, obìnrin tó tọ́ Kerim dàgbà, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bá dá lẹ́bi bí ó bá gbè sẹ́yìn ọmọ tó tọ́. Meryem mú Fatmagül bí ọmọ, ó sì wà lára àwọn tó ń gbà á níyànjú títí ó fi dé iwájú adájọ́ tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ilé ẹjọ́ dá àwọn ọkùnrin náà lẹ́bi. Níbí, ẹ̀gbọ́n, ará ilé wà lára ohun tó gbé e dìde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ilé tí wọ́n bí i sí.

Ohun tí n kò lè dárí ji eré náà ni pé Fatmagül wá fẹ́ràn Kerim, wọ́n sì parí rẹ̀ sí ìgbéyàwó aláyọ̀. Mo mọ̀ pé Kerim kọ́ ló fìyà jẹ ẹ́, mo mọ̀ pé ó jẹ́rìí sí òtítọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi tipátipá so ó mọ́ ọn, eré náà sì ṣe é bí ẹni pé ìfẹ́ ti fọ ìyẹn nù. Obìnrin náà gba ohùn rẹ̀ padà ní ilé ẹjọ́. Kí ló dé tí kò fi lè gba ọjọ́ kan, ọjọ́ kan péré, láti gbé ayé láìjẹ́ ìyàwó ẹnikẹ́ni kí ó tó pinnu?

Olùkọ́-Tó-Fẹ̀yìntì:

Àbúrò-Agbẹjọ́rò, o káre. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un ní kúkúrú. Ìbéèrè bóyá obìnrin lè ṣiṣẹ́ kí ilé rẹ̀ sì dúró, ìbéèrè àwọn obìnrin kan ni, kì í ṣe ti gbogbo obìnrin. Ní ọdún 1968, Diahann Carroll bẹ̀rẹ̀ Julia ní Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú tí ọkọ rẹ̀ kú sí ogun Vietnam, tó sì ń dá tọ́ ọmọkùnrin rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi Julia bóyá ó yẹ kí ó ṣiṣẹ́. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan eré náà ni pé kò sí bàbá nínú ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí Scandal fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012 pẹ̀lú Kerry Washington, ó ti tó bí ogójì ọdún tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá ibẹ̀ ti fi obìnrin aláwọ̀ dúdú ṣe òpómúléró eré àtìgbàdégbà gbẹ̀yìn. Ọdún 2015 ni Viola Davis di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ Emmy òṣèrébìnrin tó ta yọ jù lọ nínú eré. Kí obìnrin tó lè pàdánù àga, wọ́n ní láti kọ́kọ́ gbà pé kí ó jókòó.

Ojú-Lọ̀rọ̀-Wà:

Mo ti lọ ronú fún ọjọ́ méjì kí n tó padà wá. Mo rí eré tí mo ń béèrè, mo sì ti wò ó nígbà kan rí láìmọ̀ pé òun ni.

Oshin ni, eré ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NHK ti Japan, tí Sugako Hashida kọ, láti oṣù kẹrin ọdún 1983 sí oṣù kẹta ọdún 1984. Abala 297 ni, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá tó lé ní 50 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òǹwòran ilẹ̀ náà ló sì ń wò ó. Ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń rántí ni ọmọbìnrin ọdún méje tí àwọn òbí rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nítorí àpò ìrẹsì kan, àti ìyá ọkọ tó fojú rẹ̀ gbolẹ̀ ní Saga. Ìfaradà rẹ̀ ni gbogbo wa ń yìn. Ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Arúgbó ni Oshin nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, ó lé ní ọgọ́rin ọdún, òun ló dá òwò ìdílé náà sílẹ̀, ilé ìtajà ńlá ni. Ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣí ẹ̀ka tuntun, ó dìde, ó sì sá kúrò nílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń padà sí gbogbo ibi tó ti gbé láti kékeré, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ ibi tí òun ti ṣìnà tí àwọn ọmọ òun fi di irú ẹni tí wọ́n dì. Ọmọ-ọmọ kan ló bá a rìn, ẹni tí kò bá a tan rárá ní ti ẹ̀jẹ̀.

Mo rò ó títí. Òun náà gòkè, ilé rẹ̀ náà sì ní ohun tó bàjẹ́ nínú. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìṣirò náà. Kò sí ọkọ, kò sí oníròyìn, kò sí ìyá ọkọ tó ń bá a ṣe é, ẹnikẹ́ni kò sì já a lẹ́nu gbà títí abala 297 fi pé. Ọmọ-Ìkẹyìn, mo gba ọ̀rọ̀ rẹ lórí Phillip. Mo sì fà sẹ́yìn lórí pé ọ̀rẹ́ kì í ṣe ìdílé, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ẹni tó bá arúgbó yẹn wọ ọkọ̀ ojú irin.

Ọmọ-Ìkẹyìn:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n.

Òǹwòran-Alẹ́:

Ẹ̀yin ará, mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì kọ púpọ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Ojú-Lọ̀rọ̀-Wà ló tú ohun tó ta kókó sí mi nínú. Mo ń bínú pé ilé Birgitte dàrú. Nísinsìnyí mo rí i pé ohun tó ń dùn mí gan-an ni pé ẹlòmíràn ló ń ka gbèsè náà sí i létí ní gbogbo sáà méjì yẹn: ọkọ, ìwé ìròyìn, àwọn tó ń bá a du ipò. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rántí pé òun nìkan jókòó tì í ni ọjọ́ tó pinnu láti gba àyè nítorí Laura, bóyá ìdí sì nìyẹn tí ibẹ̀ kò fi bí mi nínú bí mo ti rò.

Nígbà tí eré náà padà ní ọdún 2022, Birgitte ti di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, àwọn ọmọ ti dàgbà, ó ń dá gbé, ooru ìgbà tí nǹkan oṣù ń dá dúró sì ń mú un láàárín ìpàdé. N kò wo sáà náà parí nígbà yẹn, nítorí mo rò pé ìyà mìíràn ni wọ́n tún fẹ́ fi jẹ ẹ́. N ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí lọ́la. Ọkọ mi ní òun á bá mi wò ó, mo sì ti ní kí ó kọ́kọ́ wo sáà kìíní, kí ó sì sọ fún mi, láìjẹ́ pé mo bi í, ibi tó rò pé àdéhùn náà ti yẹ̀.